Ẹsẹ̀ Wo Ló Ń Ṣíwájú Lórí Yìnyín Dubai?

Láti ìgbà tí mo ti Dubai dé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará ilé ń bi mí: "Rónkẹ́, ṣé òótọ́ ni pé oòrùn ibẹ̀ lè dín ẹyin?" Mo máa ń dáhùn pé ó lè dín in, ṣùgbọ́n òtútù ló fìyà jẹ mí jù ní Dubai. Wọ́n á wá máa wò mí bíi pé mo ń fi wọ́n ṣeré. Mi ò bá wọn wí. Bí ẹnìkan bá ti sọ fún èmi náà tẹ́lẹ̀ pé nínú aṣálẹ̀, níbi tí ràkúnmí ti ń rìn, màá máa wọ ẹ̀wù òtútù tó nípọn bíi tìmùtìmù lọ síbi iṣẹ́, màá ní kí ó lọ sinmi.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ti sọ ìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ibẹ̀ ṣe rí lára mi, nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi kí n tó lọ, àti nítorí pé èmi jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń sáré ṣáájú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan bẹ́ẹ̀ tó ń múra ìrìn-àjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un kà.

Al Qasimia

Lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé wa ní Iléṣà, màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni kí o fi jáde o. Òun náà ni kí o fi wọ ìlú wọn." Nígbà tí mo dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfurufú ní Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, ẹ̀rù ti bà mí débi pé mo ní láti dúró kí n tó mọ èwo ni ọ̀tún. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀. Mo fi ọ̀tún sọ̀kalẹ̀, ooru sì gbá mi lójú bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó.

Ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá ló wá pàdé mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n sì ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Sharjah. Mo kúnlẹ̀ láti kí wọn, wọ́n yára fà mí dìde.

"Dìde jọ̀ọ́. Wọ́n á rò pé owó lo ń tọrọ."

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Ọ̀sán ti pọ́n, káàárọ̀ ibo? Yalla, gbé báàgì ẹ."

Bí mo ṣe kọ́kọ́ gbọ́ *yalla* nìyẹn. Ká máa lọ ni ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kì í sọ ọ́ níbẹ̀, Lárúbáwá o, ará Íńdíà o, àwa náà.

Yàrá tí a ń gbé wà ní Al Qasimia, àdúgbò kan ní Sharjah. Bedspace ni wọ́n ń pè é. Ibùsùn lo háyà, kì í ṣe yàrá, aṣọ tí o bá ta yí ibùsùn náà ká sì ni ògiri rẹ. Èmi sùn lókè, Ẹ̀gbọ́n sùn nísàlẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni Wanjírù, ará Kẹ́ńyà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura. Bí Ẹ̀gbọ́n bá fi irú sebẹ̀, Wanjírù á dìde, á ṣí fèrèsé. Tí ọbẹ̀ bá jinná, á pa fèrèsé dé, á gbé abọ́ rẹ̀ wá.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo kí gbogbo ẹni tó wà nínú ẹ̀rọ agbéniròkè. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkùnrin ará Íńdíà kan yọ ohun tó wà ní etí rẹ̀, ó ní kí ni mo ń wá. Mo ní mi ò wá nǹkan kan, mo kàn kí i ni. Ó ronú sí i títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ó dùn mí gan-an lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀: kì í ṣe pé ó fi wọ̀sí lọ̀ mí. Ohun tó dùn mí ni pé mo rí i pé ibi tí mo dé, ìkíni mi kò ní ìwúlò, bí owó ìlú mìíràn. Ṣùgbọ́n mi ò jáwọ́. Nígbà tó yá, ọkùnrin yẹn ló ń kọ́kọ́ kí mi. Ó tilẹ̀ fi ilé tíì kan hàn mí nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń se tíì pọ̀ mọ́ mílíìkì títí yóò fi ki, tí wọ́n sì ń na búrẹ́dì fẹlẹfẹlẹ kan mọ́ orí irin gbígbóná. Tíì yẹn gbà mí là lọ́pọ̀ àárọ̀.

Inú ilé yìnyín

Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì. Mo lè ṣàlàyé bí yìnyín ṣe ń gbá jọ sórí òkè títí tí yóò fi máa ṣàn bí odò, ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan yìnyín rí àyàfi ti inú fíríìjì. Ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, ní ọ́fíìsì kan ní Dubai Silicon Oasis, rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọn á kọ́ mi. Wọ́n fún mi ní iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè yìnyín tí wọ́n kọ́ sínú ilé ìtajà ńlá kan.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ìwọlé mi síbẹ̀ kí ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ wá láti inú oòrùn, ẹ kọjá àwọn tó ń ta góòlù àti lọ́fínńdà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kan, èémí yín di èéfín. Níwájú yín ni òkè funfun, àwọn ọmọdé ń yọ̀ bọ́ láti orí rẹ̀, ìyá wọn nínú abáyà dúdú ń ya wọ́n ní fọ́tò. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo bu yìnyín, mo fi sẹ́nu. Kò ládùn. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ti fi mí sí àkókò ìdánwò. Bí alábòójútó bá kọ̀wé pé mo mọ iṣẹ́, màá dúró. Bí ó bá kọ̀wé pé mi ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á fagi lé físà mi, màá sì padà sí Iléṣà, sọ́dọ̀ bàbá mi tó ti sọ fún gbogbo ojúlé àdúgbò wa pé ọmọ òun ti rí iṣẹ́ ní Dubai. Ohun tó wà lọ́kàn mi ní gbogbo àkókò yẹn nìyẹn. Bí mo bá jẹun, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó wà níbẹ̀.

Gréèsì ni alábòójútó náà, ará Filipínì, obìnrin kúkurú tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Mo pè é ní Madam, ó ní òun kò dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Báíńdìn ló fi mí sí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé báíńdìn, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Pátákó gígùn kan wà tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín, ènìyàn á dúró lé e ní ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ kan ṣíwájú, èkejì tẹ̀lé e. Báíńdìn ni ohun tó ń de bàtà mọ́ pátákó náà. Láìsí i, pátákó á lọ, ìwọ á jókòó.

Oríṣi mẹ́ta la ń tà. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ olókùn: okùn kan gba orí ọrùn ẹsẹ̀, èkejì gba orí ọmọ ìka, wọ́n ní eyín wẹ́wẹ́ tó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí o bá ń fún un. Ó bá bàtà yòówù mu, bí ó bá sì bàjẹ́, ó rọrùn láti tún ṣe. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ tẹ̀ba tàbí kí o jókòó sórí yìnyín kí o tó lè dì í. Èkejì ń ṣí láti ẹ̀yìn: ẹ̀yìn rẹ̀ á wó lulẹ̀, o á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bíi sílípáàsì, o á gbé ẹ̀yìn náà dìde, ó parí. Ó wúwo díẹ̀ ju olókùn lọ. Ẹ̀kẹta kò ní okùn rárá. O kàn máa tẹ bàtà mọ́ ọn, yóò dún *kọ́*, ṣùgbọ́n bàtà tirẹ̀ nìkan ló ń gbà, kò bá òmíràn ṣe.

Mo kọ́ gbogbo èyí kíákíá. Ìwé ni mo ti ń kà láti kékeré, kíkọ́ nǹkan kò nira fún mi. Mo mọ èyí tó rọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ àti èyí tó le fún ẹni tó ń sáré. Mo mọ̀ pé gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ mì nínú rẹ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn mi. Ìṣòro mi wà níbòmíràn.

Títi àgbàlagbà

Kí a tó fi síkùrú kan báíńdìn mọ́ pátákó, a gbọ́dọ̀ mọ ẹsẹ̀ tí ó máa ṣíwájú, nítorí bí òsì bá ṣíwájú, ọ̀tọ̀ ni ibi tí a máa kọ ojú wọn sí. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, òsì ni. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ọ̀tún. Ọ̀nà tí Gréèsì ń gbà mọ̀ ni pé yóò dúró sẹ́yìn oníbàárà, kò ní sọ nǹkan kan, yóò sì tì í ní èjìká. Ẹsẹ̀ tí ẹni náà bá fi gba ara rẹ̀ dúró ni ẹsẹ̀ iwájú.

"Má sọ fún wọn tẹ́lẹ̀," ó ní. "Bí wọ́n bá ti mọ̀, wọ́n á ronú. Ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ ronú."

Mo ti àwọn ọmọdé. Mo ti àwọn ọ̀dọ́ bíi tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá kan tó ti hewú jókòó síwájú mi, ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á mọ̀ ọ́n. Ta ni nínú wa tó lè dúró sẹ́yìn ẹni tó tó bí i, kí ó tì í? Bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà, ẹni tó bá rí mi á ké sí màmá mi.

Mo wá ọgbọ́n kan dá, mi ò sì sọ ọ́ fún Gréèsì. Àtẹ̀gùn kékeré kan wà níwájú àga tí a ti ń wọ bàtà fún wọn. Bí àgbàlagbà bá ń gùn ún, mo máa ń wo ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ gbé. Bí ó bá gbé ọ̀tún, mo fi í sí ọ̀tún. Ó dà bí ọgbọ́n gidi lójú mi. Mo tilẹ̀ rò pé ó dára ju ti Gréèsì lọ, nítorí kò sí àrífín nínú rẹ̀.

Ummu Sálímù

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá kan wọlé, ọmọ ìlú náà gan-an, abáyà wọn ń tàn díẹ̀ ní etí. Ummu Sálímù ni wọ́n ní ká máa pe àwọn. Ara mi balẹ̀ sí wọn lójú ẹsẹ̀, nítorí Ìyá Sálímù ni orúkọ yẹn, bí àwa náà ṣe ń pe ara wa nílé.

"Mo fẹ́ ra pátákó àti ohun tó ń di ẹsẹ̀ mọ́ ọn," wọ́n ní.

"Fún ọmọ yín ni, Màmá?"

"Fún èmi." Wọ́n wò mí títí mo fi tọrọ àforíjì. Nígbà náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọdún làwọn ọmọ-ọmọ mi ń lọ sórí òkè yìnyín ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà. Gbogbo ọdún ni mò ń bá wọn lọ. Ṣé o mọ iṣẹ́ mi níbẹ̀? Mo máa ń ṣọ́ báàgì. Ó ti sú mi."

Orúnkún wọn kò dára, títẹ̀ba máa ń ni wọ́n lára. Mo gbé oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ fún wọn, mo sì fara balẹ̀ ṣàlàyé. Mo ní ká fi olókùn sílẹ̀ nítorí orúnkún. Mo ní èyí tó ń dún *kọ́* dára, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ tí a ní há wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ní èyí tó ń ṣí láti ẹ̀yìn ni tiwọn: wọ́n á wà ní òró, wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n dán an wò, wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dìde, ó dè.

"Màṣáà Allah," wọ́n ní. "Mi ò tẹ̀ba."

Ayọ̀ tó bá mi lọ́jọ́ náà kò kéré. Mo ti wo bí wọ́n ṣe gun àtẹ̀gùn, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo kọ ojú báíńdìn sí ọ̀tún. Gréèsì bi mí bóyá mo tì wọ́n. Mo ní mo ti mọ ẹsẹ̀ wọn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Ummu Sálímù fi pe ṣọ́ọ̀bù. Gréèsì ló gbé fóònù. Ó ń gbọ́, ó ń wò mí. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, ó ní wọ́n ti lọ sórí yìnyín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń ṣubú ṣáá, ìbàdí wọn ti bó. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn lórí yìnyín ní kí wọ́n ní sùúrù. Àwọn fúnra wọn ní báíńdìn náà ni kò dára, wọ́n ń bọ̀ ní Thursday láti dá a padà, olókùn ni wọ́n fẹ́ báyìí.

"Ìwọ lo yàn án fún wọn," Gréèsì sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ìwé ìdánwò rẹ wà lórí tábìlì mi, Friday ni màá fi ránṣẹ́. Wá ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mi ò bá mọ̀ bóyá o mọ iṣẹ́ yìí, mi ò lè kọ ọ́ pé o mọ̀ ọ́n."

Kò bú mi. Ì bá sàn kí ó bú mi.

Industrial Area

Mi ò lè jẹun. Mo tún gbogbo ìmọ̀ mi yẹ̀wò lórí ibùsùn mi. Ṣé ó wúwo jù fún wọn ni? Ṣé ó le jù? Ṣé kí n kàn fún wọn ní olókùn kí àlàáfíà jọba? Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gba olókùn, orúnkún wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n dì í, wọ́n á sì padà sídìí báàgì. Ó dà bíi pé mo fẹ́ gba ara mi là kí n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá yẹn.

Ọjọ́ tó ṣáájú Thursday yẹn, mi ò sí níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá ní kí n bá wọn lọ sí Industrial Area dípò kí n máa ti ibùsùn ró. Ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n ń ṣọ́ kún fún ẹrù àlòkù láti Yúróòpù: kẹ̀kẹ́, fíríìjì, àga. Nínú igun kan ni pátákó yìnyín wà, tí wọ́n tò bí ẹja gbígbẹ, báíńdìn wọn ṣì wà lára wọn. Ọ̀gá ibẹ̀, ará Pákísítánì, ní kí n wo ohun tó bá wù mí, kí n ṣáà má gbé e lọ.

"Nǹkan tó ń dá ẹ láàmú nìyí?" Ẹ̀gbọ́n fi ẹsẹ̀ kan ọ̀kan. "Àní ó jọ pákó ìlọṣọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Gbogbo nǹkan ló ń le lójú tìẹ. Bí wọ́n bá ní kó o bu omi, wàá kọ́kọ́ bi omi bóyá ó ti jẹun."

Mo tẹ́ pátákó kan sílẹ̀, mo gun orí rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ṣíwájú, mo ń ṣàlàyé fún wọn pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tèmi, mo mọ̀ ọ́n láìsí pé ẹnìkan tì mí. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ṣì ń sọ̀rọ̀, nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa.

"Kúrò lọ́nà jàre," Ẹ̀gbọ́n ní, wọ́n sì tì mí lẹ́yìn gbà.

Mo ta gìrì síwájú. Nígbà tí mo dúró, mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi dúró.

Mo dúró síbẹ̀ bí ọ̀dẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún mi tì."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ ṣe é nígbà tí mi ò bá retí ẹ."

Wọ́n yí ojú, wọ́n ṣe bíi pé wọ́n ń lọ, wọ́n sì padà tì mí. Òsì. Òtútù mú mi nínú ooru. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni màmá mi kọ́ mi láti máa fi wọlé, ọ̀tún ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀tún ni mo fi wọ ìlú yìí. Ẹ̀kọ́ ilé ni ẹsẹ̀ ọ̀tún mi. Ara mi fúnra rẹ̀, bí kò bá ráyè rántí ẹ̀kọ́, òsì ló ń gbé. Ummu Sálímù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí àtẹ̀gùn yẹn, bísímílà ni. Wọ́n tẹ àtẹ̀gùn wa bí ẹni ń wọ mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yin náà wò," mo ní.

Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí. "Èmi kẹ̀? Ìwọ Rónkẹ́ fẹ́ ti èmi?"

"Ẹ ò rí i, ohun tí mò ń sọ nìyẹn. Mi ò lè ti àgbàlagbà."

"Èmi ò ní kó o ti èmi, torí èmi ò fẹ́ yọ̀ lórí nǹkan kan. Ìyá yẹn ló fẹ́ yọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń gún bàbá arúgbó lábẹ́rẹ́ ní ìdí, ṣé ó ń rí i fín ni? Iṣẹ́ tí wọ́n rán ẹ ni kó o jẹ́."

Ní Thursday

Ummu Sálímù kò jókòó. Wọ́n gbé pátákó náà lé orí tábìlì, wọ́n ní, "Fún mi ní olókùn. Khalas, ó parí." Gréèsì wà lẹ́yìn tábìlì, ó ń to ìbọ̀wọ́ tí kò nílò títò.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ bá mi wo nǹkan kan lójú gíláàsì." Wọ́n rìn lọ síbi gíláàsì ńlá tó kọjú sí òkè yìnyín. Mo ní kí wọ́n wo ọmọ kan tó wọ ẹ̀wù pupa, bí ó ṣe ń yí. Wọ́n ń wò ó. Mo dúró sẹ́yìn wọn. Mo rò ó pé ọmọ ìlú ni wọ́n, àlejò ni mí, bí wọ́n bá ké, kí ni màá sọ? Mo tì wọ́n.

Wọ́n yí orí padà. "O pè mí?"

Mo ti rọra jù. "Rárá, Màmá. Ẹ wò ó, ó tún ń bọ̀."

Wọ́n yíjú padà sí gíláàsì. Mo di afẹ́fẹ́ sínú, mo sì tì wọ́n dáadáa.

Ẹsẹ̀ òsì fò síwájú, ọwọ́ wọn méjèèjì lu gíláàsì pà. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kan ilẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, mo ń sọ èdè Yorùbá: "Ẹ má bínú, Màmá, ẹ dákun, ẹ foríjì mí."

Ummu Sálímù yí padà. Wọ́n kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wá wo èmi. Wọ́n ní, "Kí lo ń ṣe nílẹ̀? Ṣé èmi ni mo tì ọ́?"

Mo ṣàlàyé láti orí ìkúnlẹ̀. Mo sọ ti àtẹ̀gùn, mo sọ ti ẹsẹ̀ òsì, mo sọ pé nílé wa a kì í ti àgbàlagbà, ìdí nìyẹn tí mi ò fi tì wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀bi mi ni, báíńdìn kò ṣẹ̀. Mo mọ̀ pé àlàyé náà gùn jù, mi ò sì lè dá a dúró.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Ọ̀tún ni mo fi ń wọ mọ́ṣáláṣí," wọ́n ní, díẹ̀díẹ̀. "Ọ̀tún ni mo fi ń wọlé. Ṣé o mọ ibi tí à ń fi òsì wọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Màmá."

"Ilé ìgbẹ́." Ẹ̀rín ti gbọn èjìká wọn kí ohùn rẹ̀ tó jáde. "Habibti, ọ̀wọ́n mi, ẹsẹ̀ ilé ìgbẹ́ ló yẹ kó máa ṣíwájú mi lórí yìnyín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Dìde, kó o tún un ṣe."

Mo tú síkùrú, mo yí báíńdìn méjèèjì, mo kọ ojú wọn sí òsì. Gréèsì di pátákó mú fún mi. Nígbà tí Ummu Sálímù jáde sórí yìnyín, gbogbo wa dúró lójú gíláàsì. Wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ dìde láìtẹ̀ba. Wọ́n yọ̀ díẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ bí ẹni ń gbé igbá omi. Mo ń retí ìṣubú, ìṣubú kò wá. Nígbà tí ó wá, ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni, wọ́n sì jókòó níbẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ na yìnyín, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Khalas," Gréèsì ní. "Ìwé rẹ ti parí. O máa dúró." Ó wò mí. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn, bí ọwọ́ rẹ bá kọ iṣẹ́ kan, sọ fún mi pé ó kọ̀ ọ́."

Mo lọ sẹ́yìn, sáàárín àwọn páálí bàtà, mo jókòó, mo sì sunkún. Mi ò ní pe é ní ẹkún ayọ̀, nítorí kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Ó dà bí ìgbà tí o ti ru ẹrù débi pé o gbàgbé pé o ru ú, tí ẹnìkan wá bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọrùn rẹ sì ń dùn ọ́ nígbà tí ó fúyẹ́ tán. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ ẹ̀bà méjì. Wanjírù béèrè bóyá mo ṣàìsàn.

Ẹ̀gbọ́n wọn

Ummu Sálímù lọ sí Jọ́jíà, wọ́n sì dé. Ọ̀sán kan ni wọ́n tún wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ojú wọn dúdú díẹ̀ nítorí oòrùn orí òkè. Obìnrin kan wà pẹ̀lú wọn, ó ga, ó fà gọgọrọ, kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí," wọ́n ní. "Àwọn ló bá wa ṣọ́ báàgì lọ́dún yìí."

"Mi ò ní ra nǹkan kan," ẹ̀gbọ́n wọn ní. "Mo kàn wá wò ó ni."

"Ẹ wá wò ó níbí nígbà náà," ni Ummu Sálímù wí. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n wọn dúró síwájú gíláàsì, wọ́n nawọ́ sí àwọn ọmọ tó ń yọ̀ bọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fi ìka lé ètè, wọ́n wá na ọwọ́ méjèèjì síwájú, wọ́n fi hàn mí bí títì náà ṣe yẹ kó le tó.

Mo dúró sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wọn. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́, níbi tí wọn kò ti lè rí mi. Mo wá dìde, mo sì tì wọ́n.